Wọ́n ní èmi ni mo kó ìsanra ran ọmọ mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ìyá Hàbíbà, Tánkẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlera.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 6. Kílò 34 ló wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ikọ́ ni mo gbé e lọ fún o. Obìnrin tó gbé e sórí òṣùwọ̀n wo ọmọ, ó wo èmi náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ kó o ràn án." Àwọn tó jókòó gbọ́. Ọmọ náà gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí pé kí ni mo kó ran òun.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti máa gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti sanra kí n tó lóyún rẹ̀, kílò 91 ni mo wọ̀n. Nínú oṣù keje, wọ́n ní ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e, ó sì wọ̀n kílò 4.3. Gbogbo ẹbí ló ń yọ̀ pé a bí ọmọ ńlá. "Alhaja kékeré" ni ìyá ọkọ mi ń pè é títí di òní.

Àwa méje la jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, ìyá ọkọ mi, àti àbúrò ọkọ mi tó wà ní Yunifásítì. Àwọn ọmọ méjì yòókù ò sanra. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé láti inú mi ló ti wá lóòótọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé nǹkan ṣì wà tí mo lè ṣe sí i, àbí ó ti bọ́?

Ọmọ Olójè

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìpayà bá yín, Ìyá Hàbíbà. Ọmọ tó ń jẹun tó sì ń ṣeré, kí ni àìsàn rẹ̀? Láàárọ̀ yìí mo rí àwọn ọmọ kan lọ́nà Ìpàtà, egungun ìhà wọn ṣeé kà. Àwọn yẹn ló yẹ ká máa tìtorí wọn dààmú. Bí ọmọ yín bá ń ga, ara á fà. Èmi náà sanra ní kékeré, mo sì tẹ́ẹ́rẹ́ lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọlọ́run ló ń dá kálukú bó ṣe wù ú.

Agbẹ̀bí fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán

Ìyá Hàbíbà, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù "kó o ràn án" yẹn kúrò lọ́rùn yín. Ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe kò dáa, pàápàá níwájú ọmọ. Àmọ́ mi ò ní torí pé mo fẹ́ tù yín nínú kí n fi òótọ́ pamọ́. Bí ara ìyá bá ṣe rí nígbà oyún máa ń kan bí ara ọmọ ṣe máa rí.

Ọ̀nà tó ń gbà nìyí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ínsúlínì ìyá, ìyẹn èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í bá a kọjá. Torí náà, bí ṣúgà bá pọ̀ lára ìyá, á pọ̀ lára ọmọ, ara ọmọ fúnra rẹ̀ á wá máa ṣe ínsúlínì tirẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ láti fi kojú rẹ̀. Ínsúlínì yẹn ló ń sọ èyí tó ṣẹ́kù di ọ̀rá sára ọmọ, ló ń mú kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ kó tó délé ayé. Dókítà ará Denmark kan, Jørgen Pedersen, ló là á yé àwọn èèyàn ní àwọn ọdún 1950, òun ni wọ́n sì fi kọ́ àwa náà nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí. Ìdí tí a fi máa ń gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní wákàtí tí wọ́n bí i nìyẹn: a ti gé ìwọ́, ṣúgà tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá bọ̀ ti dúró, ínsúlínì tó pọ̀ lára ọmọ kò tíì dúró, ṣúgà rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lójijì.

Kò pin sórí ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà o. Ìyá tó sanra jù tí ṣúgà rẹ̀ ò ga, ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ẹ bi mí bóyá ó ti bọ́. Kò bọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997 sọ pé bí òbí bá sanra jù, ewu kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 sanra jù nígbà tó bá dàgbà ju ìlọ́po méjì lọ, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà sanra ní kékeré tàbí kò sanra. Ẹ ṣàkíyèsí pé òbí ni wọ́n wí, bàbá wà níbẹ̀. Oyún ti kọjá, kò sẹ́ni tó lè padà síbẹ̀. Ilé tí ọmọ ń gbé ló wà lọ́wọ́ yín báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì, Unilorin

Mo kí màmá wa ní Òmù-Àrán, ẹ ṣeun mà. Mo fẹ́ dáhùn Ọmọ Olójè tó ní ẹ̀jẹ̀ ni, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òótọ́ nínú.

Lọ́dún 1986, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn 540 ará Denmark tí ẹlòmíràn gbà tọ́ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n dàgbà, bí ara wọn ṣe rí bá ti àwọn tó bí wọn mu, kò bá ti àwọn tó tọ́ wọn mu. Bí èèyàn bá dúró síbẹ̀, á ní kò sóhun tí ilé lè ṣe. Ẹ wá gbọ́ ti Kánádà. Àwọn ìyá kan sanra débi pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí wọn níkùn kí wọ́n lè dín kù. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2006 fi ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú iṣẹ́ abẹ wé èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsanrajù ò pọ̀ láàárín wọn. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ohun tó yí padà ni ara ìyá nígbà tó gbé oyún, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹun nínú ilé ti yí padà pẹ̀lú.

Jíìnì kan wà, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní FTO, ọdún 2007 ni wọ́n rí i pé ó bá ìsanra tan. Irú rẹ̀ kan ló máa ń jẹ́ kí oúnjẹ wu ẹni tó ní in jù, ẹni náà kì í sì í tètè yó. Ohun tí ebi yẹn máa bá nínú ilé nígbà tó bá dé, èèyàn ló gbé e síbẹ̀.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn ni tèmi. Mo ń ta nǹkan jíjẹ níwájú ilé wa, mo sì mọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa ń jẹ, torí ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń rà á. Mo lè sọ fún yín láìwo ìwé pé ilé báyìí, kátọ́ọ̀nù Indomie kan ò lè pé ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Ilé báyìí, ọmọ kì í lọ sílé ìwé láìmú mínírà kan àti bísíkíìtì méjì dání. Ìyá rẹ̀ kì í bínú sí i, bàbá rẹ̀ kì í bínú sí i, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ sunkún, bísíkíìtì. Ọmọ ṣubú, ṣúítì. Ọmọ gba ipò kìíní, mínírà tútù. Ọmọ á wá mọ̀ pé gbogbo nǹkan tó bá dé bá òun, ẹnu la fi ń yanjú rẹ̀.

Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àwọn mínírà dúdú yẹn. Agolo 33cl kan ní ṣúgà tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú. Bí ẹ bá bù ú síta, ó sún mọ́ ṣíbí tíì 9. Kò sí ìyá tó máa bu ṣíbí ṣúgà 9 fún ọmọ rẹ̀ kó máa lá a, àmọ́ tó bá ti wà nínú omi tútù, a ò rí i mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní irú ṣúgà báyìí kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fúnni. Ní ti ọmọ ọdún 6, agolo kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán, kò tíì jẹ bísíkíìtì.

Ó tún ku ọ̀kan tí a kì í fẹ́ sọ. Bí a ṣe ń rọ ọmọ. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ìyá á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí ọmọ lẹ́nu, á máa da ògì sí i. Ọmọ ń tàpá, ó ń ké, ó ń gbé e mì torí pé tí kò bá gbé e mì kò ní rí èémí. Mo mọ̀ pé ìyá wa fi rọ̀ wá, mo mọ̀ pé ọmọ tí kì í jẹun ń kó ìdààmú báni. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun mọ ìgbà tó yó. Ó máa ń yí orí kúrò. Tí a bá ń fi agídí da oúnjẹ sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, ó máa gbàgbé bí yíyó ṣe rí. Nígbà tó bá pé ọdún 5, a ó tún sọ fún un pé kó jẹ ẹ́ tán, ẹran wà nísàlẹ̀ abọ́. Ní tèmi, àgbà ló yẹ kó mọ ohun tó máa gbé síwájú ọmọ àti àsìkò tó máa gbé e. Ìwọ̀n tó máa jẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Bàbá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè, ìyá, ìyá, ìyá. Àwa bàbá ńkọ́? Ta ló ń mú búrẹ́dì àti súyà wọlé ní aago 9 alẹ́, tí àwọn ọmọ á jí dìde lórí ibùsùn? Ta ló ń sọ pé òun ò lè jẹun láìsí mínírà lórí tábìlì? Ìyá lè se ẹ̀fọ́ títí, tí bàbá bá ti yí ojú sí i níwájú ọmọ, ọmọ ò ní jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo bí ọjọ́ àwọn ọmọ wa ṣe ń lọ ní Ìlọrin. Aago 7 àárọ̀, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti gbé wọn. Wọ́n jókòó títí di aago 2 tàbí 3. Wọ́n délé, wọ́n jẹun, ilé kéwú, wọ́n tún jókòó lórí ẹní. Wọ́n dé, iṣẹ́ àṣetiléwá, tẹlifíṣọ̀n, fóònù, ó di alẹ́. Inú ọgbà wa, sìmẹ́ǹtì ni láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, mọ́tò ló sì wà lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ń sáré, a ó ní kí wọ́n má fọ́ gíláàsì mọ́tò. Tí wọ́n bá jáde sí títì, ẹ̀rù ọlọ́kadà ń bà wá. Níbo gan-an la fẹ́ kí ọmọ ti lò ohun tó jẹ? WHO ní ọmọ ọdún 5 sí 17 yẹ kó máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo mọ̀ ò rí 20.

Nílé tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń lọ sí ilé kéwú báyìí, èmi tàbí ìyá wọn á tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń lọ sí pápá ilé ìwé kan tó wà nítòsí lọ gbá bọ́ọ̀lù, obìnrin nínú wọn ń gbá a, ọkùnrin ń gbá a. Fóònù kì í wọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Oorun náà kan ọ̀rọ̀ yìí o, ọmọ ọdún 6 yẹ kó sùn tó wákàtí 9 sí 12, ẹni tí kò bá sì sùn tó, ebi oúnjẹ dídùn á máa pa á lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Olójè

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó wà. Ẹ ti béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà kan ní Ọjà Ọba? Tí èèyàn bá rà á tán, gáàsì tó máa sè é ńkọ́? Indomie ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí iná. Ìyá tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 7 alẹ́, kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìpàtà. Ebi ni ìṣòro ilẹ̀ yìí, ìsanra kọ́.

Agbẹ̀bí fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán

Ọmọ Olójè, mo gba ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 lórí ìlera ìdílé ní Nàìjíríà sọ pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ nítorí àìjẹunre-kánú. Àwọn tó sanra jù nínú wọn ò ju 2 lọ. Ẹ ò purọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn kan náà sọ pé nínú obìnrin 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, àwọn 28 ló ti sanra kọjá ìwọ̀n, lọ́dún 2008 wọn ò ju 22 lọ. Àwọn obìnrin yìí ló ń lóyún. Ohun tó wà lára ìyá lónìí ni màá bá lára ọmọ lọ́jọ́ iwájú, ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn.

Ebi àti ìsanra kì í sì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Mo ti wọ ilé tí ìyá sanra jù tí ọmọ rẹ̀ kò sì ga tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀kọ, gààrí, ìrẹsì, òróró, ṣúgà: wọ́n ń yóni, wọ́n ń kó ọ̀rá sára àgbà, wọn ò ní ohun tí ọmọ fi ń ga. Ọmọ tí ebi pa nínú oyún pàápàá, tó kéré nígbà tí wọ́n bí i, tí a wá sáré bọ́ ọ sanra láàárín ọdún díẹ̀, ó wà nínú ewu ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tó bá dàgbà.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nítòsí wa. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, gáàsì tó máa jẹ á dín kù. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi ṣe èkuru, ẹ̀wà díẹ̀ á yó èèyàn púpọ̀. Wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n ń gbé kiri Ìlọrin, ọmọ ń rí ohun tó fi ń dàgbà nínú rẹ̀. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀ dípò kí ẹ máa dín in, òróró tó ń mu pọ̀. Ànàmọ́ Ọ̀fà, ẹ sè é, ẹ má dín in. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́yìn ilé. Kẹ́ ẹ wá ṣírò owó bísíkíìtì àti mínírà tí ilé kan ń ná láàárín oṣù, ẹ máa rí i pé owó ẹ̀wà wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́, Ajásẹ́-Ìpo

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá agbẹ̀bí. Mo lóyún oṣù mẹ́ta, kílò 104 ni mo wọ̀n, mi ò sì ga. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, oorun ò sì kun mí. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara mi ni? Wọ́n ní ènìyàn méjì ni mò ń jẹun fún. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni ọkọ mi ń rà fún mi kí ẹ̀jẹ̀ mi lè pọ̀.

Agbẹ̀bí fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán

Àdùkẹ́ ọmọ mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Má fi ebi pa ara rẹ. Oyún kọ́ ni àsìkò tí èèyàn ń dín kílò kù. Ohun tí a fẹ́ ni kó má lé sí i jù. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 ni pé obìnrin tó ti sanra jù kó tó lóyún, kílò 5 sí 9 ló yẹ kó fi kún un títí tó máa fi bímọ. Ẹni tí ara rẹ̀ wà níwọ̀n ni kílò 11.5 sí 16 wà fún.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì yẹn, ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ara rẹ kò béèrè àfikún oúnjẹ kankan. Mọ́ọ̀tì, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ, oògùn áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fún ọ ní kílíníìkì ni kí o máa lò, kí o sì máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà. Bí o bá lọ sí kílíníìkì, sọ fún wọn pé o fẹ́ yẹ ṣúgà wò báyìí nítorí ìwọ̀n rẹ, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Máa rìn. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá bá ọ nínú oyún, bá dókítà sọ̀rọ̀ kí o tó gbà á.

Tí o bá bí i, gbé e sọ́mú láàárín wákàtí kan. Obìnrin tó sanra, omi ọmú rẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀ kó tó máa sun dáadáa. Má torí ẹ̀ sáré lọ ra wàrà inú agolo. Máa gbé ọmọ sí i léraléra, tọ̀sán tòru, á wá. Ọmú nìkan títí oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn náà, kí o tó gbé oyún mìíràn, ìgbà yẹn ni kí o wá dín kílò kù, kí àbúrò rẹ̀ lè bá ara rẹ nípò tó dáa.

Ìyá Àgbà, Òkè-Ìmàlẹ̀

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ó ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi létí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti àwa àgbà. Nígbà tí à ń tọ́mọ, èéyi ń pa ọmọ. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí èéyi mú, tó rí i bí ẹran ara rẹ̀ ṣe yọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, títí ayé lá máa fẹ́ kí ọmọ ní ẹran lára. Kí ọmọ ní ohun tí àìsàn máa bá jẹ, kó má jẹ ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wa nìyẹn tí a fi ń ní "bu kún un, bu kún un." Ìgbà náà, ọmọ ń pọnmi, ó ń lọ sóko, ó ń kiri ọjà, ohun tó jẹ kì í dúró sí i lára.

Mo ti gbọ́ pé ìgbà ti yí. Ìyá Hàbíbà, má fi ìbínú gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ. Ọkọ rẹ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó jókòó tì í, kó fi sùúrù ṣe é. Bí ẹ bá sì ní kí n má fún ọmọ ní mínírà mọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn tí n óò máa fún un. Ọsàn ni, ẹ̀pà sísè ni, àgbàdo ni. Ọmọ tó bá sáré wọ yàrá ìyá àgbà, ọwọ́ òfo ò yẹ ẹ́.

Ìyá Hàbíbà, Tánkẹ̀

Màmá, ẹ ṣeun. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka tiyín. Ọkọ mi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀. Ó pẹ́ kí màmá tó dáhùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọsàn ò sú àwọn náà, kí á máa rà á wá.

A ti kó mínírà kúrò nínú fíríìjì, ti gbogbo ilé ni o, àbúrò ọkọ mi náà gbà. Mi ò fẹ́ kí Hàbíbà máa rí i bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n ń fìyà jẹ. Mo sì ti sọ fún un pé kò sí ohun tí mo kó ràn án, pé ìṣe ilé wa ni gbogbo wa fẹ́ tún ṣe. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi orúkọ kan pè é tí mi ò fẹ́ kọ síbí, kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́. Èkejì, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú, mo ń fi kànìnkàn fọ̀ ọ́, kò lọ.

Bàbá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Ti ilé ìwé, ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ̀yin àti ọkọ yín. Ẹ sì kíyè sí ilé náà, torí ọ̀pọ̀ orúkọ yìí, àwàdà ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń lọ fi oúnjẹ tu ara rẹ̀ nínú níkọ̀kọ̀.

Agbẹ̀bí fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán

Ìyá Hàbíbà, ẹ dáwọ́ kànìnkàn dúró, ìdọ̀tí kọ́ ni. Bí ọrùn tàbí abíyá ọmọ tó sanra bá dúdú tó sì nípọn bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ínsúlínì pọ̀ jù lára rẹ̀, pé ara kò fetí sí i mọ́. Ẹ má fi falẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Centre Igboro tàbí sí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún wọn bó bá ń hanrun lóru, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ jù, bó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tẹ̀.

Ẹ má fúnra yín fi í sórí oúnjẹ ìdínkù. Ọmọ tó ṣì ń ga, ohun tí a sábà máa ń wá ni kí kílò rẹ̀ dúró síbi tó wà kí gíga lè lé e bá, dókítà ló máa sọ bóyá tirẹ̀ gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì máa gbé e sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú bóyá kó má tíì jẹun láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ mú káàdì tí wọ́n kọ kílò ìbí rẹ̀ sí dání, àti ìwé oyún yín bó bá ṣì wà, wọ́n máa béèrè nípa ṣúgà oṣù keje yẹn. Kí bàbá rẹ̀ bá yín lọ.